Bí Ẹkùn Kashatagh Ṣe Dáyé àti Bí Ó Ṣe Parẹ́

Ọ̀nà ló bí Kashatagh, ẹkùn tí àwọn ará Àméníà dá sílẹ̀ sáàárín Àméníà àti Karabakh, ọ̀nà náà ló sì pa á. Láti Goris ní Àméníà, títì máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí afárá odò Hakari, tí àwọn ará Àméníà ń pè ní Aghavno, á gun òkè lọ sí ìlú Lachin, kó tó gba ìlú Shusha kọjá lọ sí Stepanakert, olú ìlú Nagorno-Karabakh. Àárín Goris àti Shusha ni gbogbo ìjà wà.

Lọ́dún 1923, ìjọba Sófíẹ̀tì dá ẹkùn Nagorno-Karabakh sílẹ̀ fún àwọn ará Àméníà tó ń gbé ibẹ̀, àmọ́ wọ́n fi í sábẹ́ Azerbaijan. Lachin kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ẹkùn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn Kurd lọ́dún kan náà, tí kò sì wà kọjá 1929. Bí Karabakh ṣe di ilẹ̀ tí kò bá Àméníà pààlà nìyẹn. Nígbà tí gbogbo wọn wà lábẹ́ Moscow, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ púpọ̀. Nígbà tí Sófíẹ̀tì tú ká tí ogun dé láàárín Àméníà àti Azerbaijan, ebi àti ọta ìbọn kò jẹ́ kí Stepanakert mí.

Ní oṣù Karùn-ún 1992, ọmọ ogun Àméníà gba Shusha, wọ́n sì gba Lachin láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sígbà náà. Lọ́dún 1993, Qubadli àti Zangilan náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ilẹ̀ mẹ́ta yìí ni wọ́n sọ di Kashatagh, ẹkùn tó fẹ̀ jù ní Karabakh. Lachin sì di Berdzor, olú ìlú rẹ̀. Ó yẹ ká sọ ọ́ gbangba: àwọn Azerbaijan àti Kurd tó ń gbé ibẹ̀ ti sá kúrò nílé wọn, ilé wọn yìí sì wà lára ibi tí àwọn tó wá láti Àméníà ń gbé. Kò sí orílẹ̀-èdè kan nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó fọwọ́ sí ìjọba tí àwọn ará Àméníà dá sílẹ̀ ní Karabakh, títí kan Àméníà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Àméníà tó wà lókè òkun dáwó, wọ́n fi tún títì náà ṣe. Ẹkùn yìí náà ni ilé ìsìn Tsitsernavank wà, tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹfà.

Ogun ọjọ́ 44 ti ọdún 2020 ló tú u ká. Nínú àdéhùn oṣù Kọkànlá, Azerbaijan gba àgbègbè Lachin padà. Ọ̀nà tó fẹ̀ ní kìlómítà márùn-ún péré ló kù, àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà 1,960 ló sì wá ń ṣọ́ àlàáfíà. Àdéhùn náà ní kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn tí kò ní gba inú ìlú. Nígbà tí ọ̀nà tuntun ṣí ní oṣù Kẹjọ 2022, Azerbaijan gba ìlú Lachin fúnra rẹ̀, pẹ̀lú abúlé Aghavno àti Sus. Àwọn ará Àméníà tó kù níbẹ̀ kó ẹrù wọn.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 2022, àwọn ará Azerbaijan dí ọ̀nà náà pa. Ìyẹ̀fun, epo àti oògùn ń wọ́n sí i. Wáyà iná tó ń wá láti Àméníà bà jẹ́ ní oṣù Kìíní 2023, kò sì ṣeé tún ṣe, torí náà wọ́n ń pín iná jẹ ní wákàtí-wákàtí. Ní oṣù Kẹrin, Azerbaijan gbé ibùdó àyẹ̀wò sórí afárá Hakari. Ní oṣù Kẹsàn-án, ogun ọjọ́ kan péré tí Azerbaijan gbé dìde sí Karabakh ló parí ọ̀rọ̀: ó lé ní 100,000 ará Àméníà tó ń gbé ibẹ̀ tó gba ọ̀nà yìí kan náà jáde lọ sí Àméníà. Lónìí, Lachin, Qubadli àti Zangilan ti di àgbègbè Azerbaijan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí ogun lé kúrò ní Lachin sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé ní oṣù Karùn-ún 2023.