Líídà àti fláì fún pípa ẹja tírọ́ọ̀tì nínú adágún ìsédò

Líídà ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tí apẹja máa ń so mọ́ ìparí okùn ńlá rẹ̀, tí yóò wá so fláì mọ́ orí kejì. Fláì ni ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹranko àti òwú wé títí tó fi jọ kòkòrò tàbí ohun mìíràn tí ẹja ń jẹ. Okùn ńlá ló wúwo, òun ló sì ń gbé fláì lọ sọ́nà jíjìn, torí fláì fúnra rẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n. Àmọ́ okùn náà nípọn, ojú sì máa ń rí i. Líídà ló ń mú un jìnnà sí ẹja. Omi adágún ìsédò kì í ṣàn bíi ti odò, nítorí náà tírọ́ọ̀tì máa ń ráyè wo oúnjẹ rẹ̀ dáadáa kó tó gbé e. Èyí ló jẹ́ kí bí wọ́n ṣe múra líídà, àti bí fláì ṣe jìn sínú omi tó, sábà ṣe pàtàkì ju àwọ̀ fláì lọ.

Ìtàn ní ṣókí

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irú ẹja pípa yìí ti gbilẹ̀ jù. Adágún Blagdon, tí wọ́n sé láti pèsè omi fún ìlú Bristol, bẹ̀rẹ̀ sí í gba apẹja ní ọdún 1904. Wọ́n ṣí Chew Valley Lake ní 1956, Grafham Water di ibi ìpẹja ní 1966, Rutland Water sì tẹ̀ lé wọn ní àwọn ọdún 1970. Tírọ́ọ̀tì òṣùmàrè, Oncorhynchus mykiss, tó wá láti ìhà Òkun Pàsífíìkì ní Àríwá Amẹ́ríkà, ló pọ̀ jù nínú wọn. Kì í sábà bímọ nínú àwọn adágún wọ̀nyí, nítorí náà ibi ìsìn ẹja ni wọ́n ti ń kó o wá. Tírọ́ọ̀tì ilẹ̀ Yúróòpù, Salmo trutta, náà wà níbẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, fláì ńlá aláwọ̀ títàn tí wọ́n ṣe fún ẹja sámọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ ń lò. Oníṣègùn kan, H. A. Bell, tó máa ń pẹja ní Blagdon láàárín Ogun Àgbáyé méjèèjì, wà lára àwọn tó yí èyí padà: ó ń yẹ inú ẹja tó bá pa wò, ó sì ń wé fláì kékeré tó jọ ohun tó bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Arthur Cove di ẹni tí wọ́n mọ̀ sí líídà gígùn àti fífa fláì díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà àwọn méjèèjì yìí ni ìpìlẹ̀ ohun tí àwọn apẹja adágún ń ṣe títí di òní.

Ohun tí wọ́n fi ń ṣe líídà

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, náílọ́ọ̀nù àti fluorocarbon, tí méjèèjì jẹ́ irú ike. Ìyàtọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Tí a bá fi ìwúwo omi ṣe 1, ti náílọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 1.14, ti fluorocarbon sì sún mọ́ 1.78. Nítorí náà fluorocarbon máa ń rì, ó sì ń fa fláì lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, nígbà tí náílọ́ọ̀nù máa ń fara mọ́ ojú omi, pàápàá tí ọ̀rá bá ti kàn án. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nígbà tó bá wọ inú wọn náà yàtọ̀. Òṣùwọ̀n títẹ̀ náà jẹ́ 1.33 fún omi, 1.42 fún fluorocarbon, àti nǹkan bí 1.53 fún náílọ́ọ̀nù. Bí nọ́ńbà méjì bá ṣe sún mọ́ra tó ni fọ́nrán ṣe ń sọnù sínú omi tó, ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ pé fluorocarbon kì í hàn sí ẹja púpọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ríri rẹ̀ wúlò ju àìhàn rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí fláì rẹ̀ léfòó yóò yan náílọ́ọ̀nù. Ẹni tó fẹ́ kó rì yóò yan èkejì.

Agbára fọ́nrán, ìyẹn ìwúwo tó lè gbé kó tó já, tí wọ́n sábà ń lò wà láàárín pọ́ùn 6 àti pọ́ùn 8, ìyẹn bíi kìlógíráàmù 2.7 sí 3.6. Nígbà tí ẹja bá ń lé ọmọ ẹja wẹ́wẹ́, tó sì ń fi agbára gbé fláì, wọ́n lè lo èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gígùn àti ẹ̀ka

Líídà fláì mẹ́ta ni ó gbajúmọ̀ jù lórí ọkọ̀ ojú omi. Gígùn rẹ̀ lè tó mítà 5 sí 6. Fláì kan wà ní ìparí pátápátá, méjì yòókù sì wà lórí ẹ̀ka, ìyẹn fọ́nrán kúkúrú tó yọ láti ara líídà. Mítà kan àtààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló máa ń wà láàárín fláì kan àti èkejì. Tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹja kan á gbé ọ̀kan, ìwọ̀ kejì á sì máa há mọ́ àwọ̀n ìgbẹ́ja. Ẹ̀ka kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ: tó bá gùn jù, á lọ́ mọ́ líídà, tó bá kúrú jù, kò ní sí àyè láti pààrọ̀ fláì.

Irú kókó kan tí wọ́n ń pè ní kókó omi ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ka. Wọ́n á fi orí fọ́nrán méjì sójú kan, wọ́n á ká wọn sí òrùka kan, wọ́n á sì ki orí wọn gba inú òrùka náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kí wọ́n tó fà á le, wọ́n á fi itọ́ tàbí omi rin ín, nítorí ooru tí ìfara-gbo-ara ń mú wá máa ń ba fọ́nrán jẹ́. Lẹ́yìn èyí, orí fọ́nrán méjì ló máa yọ: ọ̀kan kọjú sí ọ̀pá ìpẹja, ìkejì kọjú sí fláì ìparí. Èyí tó kọjú sí fláì ìparí ni kí wọ́n lò fún ẹ̀ka, torí òun gan-an ni ìtẹ̀síwájú fọ́nrán tó wá láti òkè. Bí kókó náà bá tilẹ̀ já, ẹja tó wà lórí ẹ̀ka yẹn ṣì wà lára ohun tí apẹja dì mú. Ọ̀pọ̀ ẹja ńlá ló ti bọ́ nítorí pé wọ́n gé orí fọ́nrán tí kò yẹ kí wọ́n gé.

Nígbà tí atẹ́gùn bá le, tàbí tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju okùn, fláì kan tàbí méjì tó. Kókó tí atẹ́gùn ta lójijì lórí líídà lè gba tó ìdajì agbára rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n máa fi ìka wo ó lóòrèkóòrè. Pẹ̀lú okùn ńlá tó ń rì, líídà máa ń kúrú, kí fláì má baà léfòó jìnnà sí okùn.

Yíyọ ọ̀rá kúrò

Líídà tó bá léfòó ń ṣe òjìji, ó sì ń ya ojú omi, pàápàá ní ọjọ́ tí omi bá dákẹ́ rọ́rọ́. Amọ̀ lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n pò mọ́ ọṣẹ ìfọwo àti glycerine ni wọ́n fi ń nù ún. Kí wọ́n tó ṣe èyí, wọ́n á kọ́kọ́ fà á tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ọwọ́ méjèèjì, kí ìká tó wà lára rẹ̀ láti inú rọ́ọ̀lù lè nà.

Yíyan fláì

Kòkòrò tó ṣe pàtàkì jù ni ìdílé Chironomidae, tí apẹja ń pè ní búsà. Ìdin rẹ̀ ń gbé nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì pọ́n nítorí hemoglobin tó ń jẹ́ kí wọ́n lè rí ọ́síjìn lò níbi tí kò ti pọ̀. Tí ó bá tó àkókò láti di kòkòrò oníyẹ̀ẹ́, ó máa ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á sì rọ̀ sábẹ́ ojú omi fún ìgbà díẹ̀ kó tó bọ́ awọ. Ìrìn gígòkè yìí ni ẹja fi ń rí i pa lọ́pọ̀ yanturu. Fláì búsà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sábà máa ń fi fáníìṣì bo ara rẹ̀ kó lè rì kíákíá, orí ìwọ̀ nọ́ńbà 10 sí 14 ni wọ́n sì ń wé e sí. Dúdú ló wọ́pọ̀ nígbà ìrúwé. Bí wọ́n ṣe ń fà á kì í yá: ọ̀pọ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbé okùn yí nìkan, kí fláì máa rìn bí kòkòrò ṣe ń rìn.

Diawl Bach, fláì kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí bìlísì kékeré ní èdè Wales, jọ búsà àti ọ̀pọ̀ ọmọ kòkòrò mìíràn láìjọ ọ̀kan pàtó. Ìyẹ́ ọ̀kín ni wọ́n fi wé ara rẹ̀. Ó dára lórí ẹ̀ka.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Daphnia, ẹranko omi tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, máa ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mọ́lẹ̀, ó sì máa ń gòkè nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ẹja ń tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó lè wé fláì tó kéré bẹ́ẹ̀, nítorí náà fláì aláwọ̀ ọsàn tó tàn ni wọ́n ń lò. Ní àsìkò kan náà, ọmọ lámilámi tẹ́ẹ́rẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí bèbè. Fláì aláwọ̀ ewé gbígbẹ ni ó bá a mu. Ìgbẹ̀yìn ẹ̀ẹ̀rùn sí ìgbà ìwọ́wé ni ẹja máa ń lé ọmọ ẹja wẹ́wẹ́, fláì tó gùn tó sì funfun ni wọ́n sì ń jù nígbà náà. Fláì tó ń léfòó náà wúlò ní ìrọ̀lẹ́.

Fláì kan tí wọ́n ń pè ní Booby ní fóòmù lórí, nítorí náà kì í rì. Tí wọ́n bá fi sí ìparí líídà, ó máa ń gbé fláì méjì tó wà lórí ẹ̀ka ró láàárín omi, bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Pẹ̀lú okùn tó ń rì àti líídà kúkúrú, ó máa ń léfòó díẹ̀ sókè ilẹ̀ adágún. Ẹja sábà máa ń gbé e mì jìnnà tí kò bá rìn, ìdí nìyí tí àwọn adágún kan tó ń dá ẹja padà sómi fi fòfin de irú ìlò yìí, tí wọ́n sì ń béèrè pé kí ìwọ̀ má ní ẹ̀gún. Fluorocarbon kì í jẹrà. Kí apẹja kó gbogbo ègé rẹ̀ sápò, kó má baà lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ẹyẹ omi.