Imparfait: àìṣetán tí a ti ń sọ kí Faransé tó dé

Àbúrò mi kan ń ta aṣọ ní Dantokpa, ọjà ńlá Kútọnú. Faransé ẹnu ọjà ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ni imparfait, ìrísí tí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ń gbé wọ̀ fún ohun àná tí a kò sọ pé ó ti parí, ti ń dà á láàmú. Àwọn ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo fún un.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, parlais, parlait, parlaient! Báwo lèèyàn ṣe ń há gbogbo èyí sórí?

Ìdáhùn: Má há nǹkan kan. Mú ọ̀rọ̀-ìṣe náà, parler (sọ̀rọ̀), bí o ṣe ń sọ ọ́ lónìí pẹ̀lú nous (àwa): nous parlons. Gé -ons dànù, ó ku parl-. Ibẹ̀ ni wàá ti lẹ ìparí mọ́ ọn: je parlais, tu parlais, il parlait, nous parlions, vous parliez, ils parlaient. Kò tán síbẹ̀ o: ìparí kan náà ni gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe ń lò. Finir ń jẹ́ nous finissons, nítorí náà je finissais ni, kì í ṣe "je finais". Vendre, tí í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ, ń jẹ́ nous vendons, ó di je vendais. Kódà àwọn olórí kunkun bíi avoir, aller àti faire ń tẹ̀lé òfin yìí: j'avais, j'allais, je faisais. Nínú gbogbo àwọn tó ń bá nous rìn, être nìkan ló yà bàrá, torí nous sommes kò ní -ons tí a máa gé. J'étais ni tirẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí e fi wà nínú je mangeais, tí kò sí nínú nous mangions?

Ìdáhùn: Létà g tó bá kọjú sí a tàbí o máa ń le bíi ti inú "gàárì". E yẹn ló ń rọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ i ló tẹ̀ lé e, ó ti rọ̀ fúnra rẹ̀, kò nílò olùrànlọ́wọ́. Ìdí kan náà ni ìrù fi wà lábẹ́ ç nínú je commençais, tí kò sí nínú nous commencions. Tí o bá sì rí nous étudiions tó ní i méjì, àṣìkọ kọ́: i kan jẹ́ ti étudi-, èkejì jẹ́ ti ìparí.

Ìbéèrè: Mẹ́rin nínú mẹ́fà dún bákan náà létí mi. Ṣé etí mi ló di ni?

Ìdáhùn: Etí rẹ mọ́. -ais, -ait àti -aient, ẹ ni gbogbo wọn ń dún. Ojú ìwé nìkan ni t àti nt ti ń ṣiṣẹ́, àjẹkù Látìn ni wọ́n. Ṣáájú 1835, tí Académie française, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó èdè Faransé, yí i padà nínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀, je parlois ni wọ́n ń kọ. Orúkọ ènìyàn náà, François, ṣì di o tirẹ̀ mú, nígbà tí orúkọ èdè di français.

Ibi tí Yorùbá ti ṣe wá lóore nìyí. Je parlais parí sí ẹ bíi ti "ọbẹ̀"; j'ai parlé (mo sọ̀rọ̀, ó ti parí) parí sí e bíi ti "ilé". Àwa ò lè ṣi ẹ gbọ́ fún e láéláé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ Faransé fúnra wọn, pàápàá ní gúúsù, kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ níbẹ̀. Má jẹ́ kí tísà kankan gba ẹ yẹn lẹ́nu rẹ.

Ìbéèrè: Tísà ní ohun tó bá pẹ́ ni imparfait wà fún. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. "Ọdún 10 ni mo fi gbé Kútọnú": j'ai habité Cotonou pendant dix ans. Ó pẹ́, síbẹ̀ passé composé ni, ìrísí ohun àná tó ti parí bíi j'ai parlé, torí o ti ka ọdún náà, o sì ti pa ojú rẹ̀ dé. "Kútọnú ni mo ń gbé nígbà yẹn": à l'époque, j'habitais Cotonou. Èyí ṣí sílẹ̀, a ò mọ ìgbà tó parí.

Rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì Yorùbá: ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àìṣetán, èyí tó pín sí atẹ́rẹrẹ àti bárakú. Imparfait gan-an túmọ̀ sí àìṣetán! Atẹ́rẹrẹ: "Mo ń jẹun lọ́wọ́ ni fóònù dún", je mangeais quand le téléphone a sonné. Wo "dún" níbẹ̀, kò ní ń, passé composé ni. Bárakú: "Ìyá wa máa ń ta ẹ̀kọ tẹ́lẹ̀", notre mère vendait de l'akassa. Tí ọ̀rọ̀ àná bá ti gba ń, máa ń, tàbí kì í, imparfait ló ń bọ̀.

Ìbéèrè: "Mo mọ̀", "mo fẹ́", "mo ní" ńkọ́? Wọn ò ní ń.

Ìdáhùn: Ibi tí òfin mi ti ń yọ̀ nìyẹn. Ipò tí èèyàn wà ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ohun tó ṣe, nítorí náà Yorùbá kì í fún wọn ní ń. Ní Faransé, imparfait ni wọ́n sábà máa ń gbà: je savais, je voulais, j'avais. Fi "wá" dán an wò. Tí o bá lè sọ pé "ìgbà náà ni mo wá mọ̀", ipò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, j'ai su ni kí o lò.

Ìbéèrè: Oníbàárà kan sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé "je voulais vous demander le prix". Ṣé kò fẹ́ mọ iye rẹ̀ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n! Ọ̀wọ̀ ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí àwa bá ní "mo ní kí n bi yín ni". Dá iye lé e kíá.