Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ojú irin: níbo la ti ń rí ìwọ̀n rẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ojú irin kékeré, yálà sórí tábìlì tàbí sínú kọ̀ǹpútà, kì í pẹ́ bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó ti ń gun òkè àti ibi tó ti ń sọ̀?" Ọ̀pọ̀ wọn ti fi máàpù sátẹ́láìtì ṣe é kí wọ́n tó bi mí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka ojú irin Princetown, ní Dartmoor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1883 ni wọ́n ṣí i, wọ́n tì í ní 1956. Bí a bá na okùn tààrà láti Yelverton dé Princetown, nǹkan bíi máìlì 6 ni. Ṣùgbọ́n máìlì 10 àti ààbọ̀ ni ọkọ̀ ń rìn, torí ńṣe ló ń lọ́ yí òkè King Tor ká bí ejò kó tó lè gùn ún. (Ejò gidi náà ò sì jìnnà: ní ìdúró Ingra Tor, pátákó kan wà nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń rìn, tó ń kìlọ̀ fún èrò pé kí wọ́n ṣọ́ra fún un.)

1 nínú 40 ni wọ́n máa ń pe ibi tó le jù níbẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ọkọ̀ bá rin ẹsẹ̀ bàtà 40, ó ti fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga sí i. Ẹlẹ́sẹ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ irin lórí irin ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì á mọ̀ ọ́n.

Ìṣòro máàpù sátẹ́láìtì ni pé ilẹ̀ ló ń wọ̀n, kì í ṣe irin. Níbi tí wọ́n ti gbẹ́ òkè kí irin lè kọjá, orí òkè ló máa sọ fún ọ. Níbi tí igi wà, ó lè jẹ́ orí igi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ṣe ọ̀nà, ńṣe ni ọkọ̀ mi ń ta gìjà-gìjà bí ọkadà lójú títì oníkòtò. Ẹnjiníà kì í la irin bẹ́ẹ̀. Ìgòkè kan ṣoṣo ló máa dì mú lọ jìnnà, kó tó yí i padà.

Nítorí náà, ibi méjì tó dájú ni kó o wá, kó o sì fa ìlà tààrà láàárín wọn. Àwọn máàpù àtijọ́ ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù ilẹ̀ Bìrìtìkó, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè Scotland. Lórí máàpù náà, wá lẹ́tà B.M. (bench mark, àmì gíga) níbi afárá, òǹkà tó tẹ̀ lé e ni gíga ibẹ̀ sí ojú òkun, ní ẹsẹ̀ bàtà. Ká ní afárá kan jẹ́ 820, èkejì 886, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 66, ìdajì máìlì sì wà láàárín wọn, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 2,640. Pín 2,640 sí ọ̀nà 66: 40 rèé, ìyẹn 1 nínú 40. Àmọ́ ara ògiri afárá ni wọ́n gbẹ́ àmì náà sí, kì í ṣe ojú irin, nítorí náà fi àyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀.

Ìwọ̀n LIDAR (ìmọ́lẹ̀ lésà tí wọ́n ń ta sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú láti fi wọn gíga ilẹ̀) tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ dára ju sátẹ́láìtì lọ fíìfíì. Mítà kan-kan ló ń wọ̀n. Mú èyí tí wọ́n ti yọ igi àti ilé kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mọ̀ pé wọ́n yọ afárá náà pẹ̀lú wọn.

Ní ti tábìlì, 1 nínú 40 lórí mítà 2 máa gbé irin sókè ní sẹ̀ǹtímítà 5. Níbi tí irin bá ti ń yí kọ́nà, èmi máa ń dín in kù sí 1 nínú 50, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré á kàn máa yí ẹsẹ̀ lójú kan ni.

Apá tó pọ̀ nínú ọ̀nà Princetown ti di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ báyìí. Mo gbé rọ́bà omi lọ síbẹ̀, irú èyí tí bíríkìlà fi ń wo ìpìlẹ̀ ilé. Àbúrò mi di ẹnu kan mú, mo di èkejì mú ní mítà 10 sí i. Omi fi ìyàtọ̀ sẹ̀ǹtímítà 25 hàn wá, ìyẹn 1 nínú 40. Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá bi wá bóyá páìpù ló bẹ́.