Ìrísí ẹ̀rọ DJ òde òní

Ìrísí ẹ̀rọ DJ ni gbogbo ohun tí ojú ń rí àti ohun tí ọwọ́ ń bà lára ẹ̀rọ tí DJ fi ń da orin pọ̀ lóde àríyá: àwọ̀ ara rẹ̀, iná abẹ́ bọ́tìnnì, bí a ṣe to bọ́tìnnì sí, gígùn fader (bọ́tìnnì tí ìka ń tì lọ bọ̀ lójú ihò gbọọrọ), síkírìnì, títí dé orí tábìlì tí a gbé gbogbo rẹ̀ lé. Inú òkùnkùn ni DJ ti sábà máa ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó ń jó. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí èrò ń pè ní ẹ̀ṣọ́ lára ẹ̀rọ yìí, àmì ni. Ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, ìyẹn ilẹ̀ Yàgbà, Ìjùmú, Owé àti Bùnú, àmì náà tún gbọ́dọ̀ ṣeé kà lábẹ́ oòrùn, torí pé ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ kánópì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Orísun

Technics SL-1200, ẹ̀rọ tó ń yí àwo orin, tí wọ́n ṣe ní Japan ní 1972, àti MK2 rẹ̀ tó jáde ní 1979, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ṣì ń fara wé. Lára MK2 ni wọ́n ti fi fader gígùn sí apá ọ̀tún fún yíyí ìyára orin padà, ìdá 8 nínú 100 sókè tàbí sílẹ̀. Etí àwo rẹ̀ ní ìlà ẹlẹ́sẹẹsẹ mẹ́rin tí iná pupa kan ń tàn sí. Bí ìyára bá ṣe déédéé, ìlà kan nínú wọn á dà bí ẹni pé ó dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí àwo ń yí. Ẹwà ni ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè ń rí, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni. Wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 2010, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ ní 2016.

CDJ-1000 ti Pioneer (2001) gbé àwo náà wá sórí ẹ̀rọ CD: òkè rẹ̀ mọ ìfọwọ́kàn bí àwo orin, etí rẹ̀ sì ní kòtò kéékèèké tí ìka ń wọ̀ láti ti orin síwájú tàbí fà á sẹ́yìn díẹ̀. CDJ-2000 tẹ̀ lé e ní 2009. CDJ-3000 (2020) ní síkírìnì íǹṣì 9 tí a ń fọwọ́ kàn. Kọ̀ǹtírólà kéékèèké bíi DDJ-400 (2018) àti DDJ-FLX4 (2022) kó gbogbo ètò yìí sára ẹ̀rọ kan ṣoṣo: àwo kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, míksà (apá tó ń da ohùn méjèèjì pọ̀) láàárín.

Àwọ̀ àti iná

Lára CDJ, bọ́tìnnì Cue, tó ń dá orin padà síbi tí a sàmì sí, ń tan iná ọsàn; Play, tó ń mú orin lọ, ń tan iná ewéko. Iná ewéko tó dúró ṣinṣin ń sọ pé orin ń lọ. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, orin dúró. DJ tó ti mọ̀ ọ́n lára kò ní láti ka ohun tí a kọ sí i.

Iná òṣùwọ̀n ohùn lára míksà ń gùn láti ewéko sí ọsàn, ó ń parí sí pupa. Kí orin máa fọwọ́ kan ọsàn díẹ̀ níbi tó ti le jù ti tó. Bí pupa bá ń tàn lemọ́lemọ́, orí ìgbì ohùn ti ń gé nìyẹn, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tínńrín jáde ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jóná. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a rò pé iná pupa ń fi agbára hàn, kí a wá lẹ sítíkà mọ́ ọn nítorí pé ó ń ta sí ojú.

Àwòrán ìgbì orin lórí síkírìnì ń fẹ́ àkíyèsí tó pọ̀ jù báyìí lọ. Nínú Serato, ètò kọ̀ǹpútà tí DJ fi ń ṣiṣẹ́, pupa ni bàsì, ewéko ni ohùn àárín, búlúù ni ohùn tínńrín. Lórí CDJ-3000, nínú ètò aláwọ̀ mẹ́ta, búlúù ni bàsì, ọsàn ni àárín, funfun sì ni tínńrín. Ẹni tó bá ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìmọ èyí lè máa wá ìlù ńlá níbi tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà. Àwọ̀ hot cue (ibi tí DJ sàmì sí nínú orin kí ó lè fò síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀) ní tirẹ̀, DJ ló ń yàn án. Ó dára kí ó fi àwọ̀ kan sí iṣẹ́ kan nínú gbogbo orin rẹ̀, bí àpẹẹrẹ ewéko fún ìbẹ̀rẹ̀, búlúù fún ègbè, pupa fún ibi tí ó ti fẹ́ jáde. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ihò RCA, níbi tí waya ohùn ń wọ̀, pupa rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀tún, funfun jẹ́ ti òsì.

Oòrùn, ooru àti eruku

Ara dúdú tí kò dán ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí kí iná òde má baà ta padà sójú DJ, ṣùgbọ́n dúdú ń fa ooru. Ìwé ìlò Pioneer kọ ọ́ pé láàárín ìwọ̀n 5 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí á ti lo àwọn CDJ; ẹ̀rọ tí oòrùn ọ̀sán ń lù ní gbangba ní Kàbà tàbí Ìsánlú kì í pẹ́ kọjá ibẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí a gbé tábìlì sí ibi tí DJ yóò kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, kí a sì ta aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀-oòrùn kánópì. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá wà lẹ́yìn DJ, síkírìnì ló ń ta sí tààrà. A tún lè gbé ìmọ́lẹ̀ síkírìnì sókè nínú Utility, ìyẹn ojú ìwé àtúntò lórí ẹ̀rọ náà.

Nígbà ọyẹ́, eruku ojú ọ̀nà máa ń wọ ojú ihò fader. Àmì rẹ̀ ni pé ohùn á máa hó, tàbí kí ó já lójijì bí a bá ti gbé fader. Pa ẹ̀rọ, yọ waya iná rẹ̀. Fa orí fader sókè ní gbọọrọ, má ṣe dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a, kí o sì fi pọ́ǹpù fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn ẹnu ní itọ́ nínú. Bí kò bá gbọ́, fín oògùn ìfọ-iná (contact cleaner) tó ní òróró díẹ̀ sí i ní ẹ̀ẹ̀kan péré, gbé fader lọ bọ̀ ní ìgbà 20 sí 30, kí o sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. WD-40 lásán á fi ọ̀rá sílẹ̀, eruku míì á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Fader onímágínẹ́ẹ̀tì kò nílò kí a fín nǹkankan sí i.

Bọ́tìnnì tí a fi rọ́bà bò máa ń dà bí oje lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú ooru. Kì í ṣe ìdọ̀tí, rọ́bà náà ló ń yọ́. Sípíríìtì kẹ́mísì lórí aṣọ rírọ̀ á nu rọ́bà yẹn kúrò pátápátá, ike tó wà nísàlẹ̀ á sì ṣeé lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń yọ̀ díẹ̀. Pẹtiróòlù àti tínà ń yọ́ ike, wọ́n sì ń pa lẹ́tà orí ẹ̀rọ rẹ́. Nígbà tí a bá ń dá bọ́tìnnì oníyíyí padà sórí ọ̀pá kékeré tó ní eyín tí ó ń wọ̀, yí ọ̀pá náà dé òpin apá òsì kí o tó tẹ bọ́tìnnì mọ́ ọn, kí ìlà funfun rẹ̀ dojú kọ ibi tí aago méje wà lójú aago. Bí ìlà bá ṣì, DJ á máa gé bàsì láìmọ̀.

Sítíkà orí ẹ̀rọ

Àwọn kan ń bo ẹ̀rọ wọn pẹ̀lú sítíkà tó ní orúkọ wọn. Kò burú, bí kò bá ti bo ihò atẹ́gùn àti orúkọ bọ́tìnnì. Nu ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú sípíríìtì díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ihò àwo, kí o sì fi káàdì ATM tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ tì í láti àárín jáde. Etí tó bá ká sókè nínú ooru ni kí a gé kí ó tó wọ ojú fader. Láti yọ ọ́, ooru kékeré láti inú ẹ̀rọ tí a fi ń mú irun gbẹ á mú kí gọ́ọ̀mù rẹ̀ rọ̀.

Tábìlì àti iná rẹ̀

CDJ-3000 méjì àti míksà kan láàárín wọn gba bíi mítà kan ní fífẹ̀. Tábìlì tí káfíńtà bá ṣe ní 120 cm sí 60 cm, tí ó sì ga ní 90 sí 100 cm, á fi àyè sílẹ̀ fún waya lẹ́yìn. Aṣọ tó ń fà tàbí aṣọ òkè ni wọ́n fi ń bo iwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Bùnú, aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipò jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn àgbà olóyè, nítorí náà kò yẹ kí a kàn mú un bo tábìlì àríyá láì bi àwọn onílé.

Ìrólù iná LED mítà 5 tó ní gílóòbù 60 nínú mítà kan (irú 5050) ń fa bíi 72 watt, ìyẹn 6 amp lórí 12 volt. Ẹ̀rọ iná 10 amp ni kí a fi gbé e, kì í ṣe èyí tó gbé 6 gẹ́lẹ́. Ibi tí a sàmì sí lórí rẹ̀ nìkan ni a ti ń gé e. Bí a bá so ìrólù méjì pọ̀ ní gbọọrọ, ìparí rẹ̀ á ṣókùnkùn. Ẹnu méjèèjì ni kí a ti fún un ní iná. Bátìrì mọ́tò 12 volt tó ní fíúsì 10 amp lè gbé e láìkan jẹnẹrétọ̀, èyí sì dára, torí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè-sódò máa ń mú kí LED ṣẹ́jú. Kí waya LED má ṣe bá waya RCA rìn pọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn bí àgbélébùú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sípíkà á máa kùn.