Agolo Mílíìkì Ló Yẹ Kó Ṣáájú Máàpù

Ọmọ Pírámárì kejì ní Yábàá lè ka orúkọ ìpínlẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì bí ẹni ń kọrin, síbẹ̀ kó má mọ apá ibi tí ọ̀sà wà sí kíláàsì rẹ̀. Ìparí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún un. Jọ́gíráfì kì í sábà ní àkókò tirẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú Social Studies ló máa ń fara pamọ́ sí. Ọwọ́ olùkọ́ ló kù sí láti tò ó ní ìpele-ìpele.

Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Ta ló jókòó sẹ́yìn rẹ? Kí lo máa ń kọjá lára kó o tó dé ilé ẹ̀kọ́? Ọmọ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Ọ̀yìngbò kò ní dákẹ́ bọ̀rọ̀.

Ibi tó le, tí ọ̀pọ̀ tíṣà sì ń fò, ni wíwo nǹkan láti òkè. Ohun tí ẹyẹ ń rí ni máàpù, ọmọ kì í sì í ṣe ẹyẹ. Agolo mílíìkì kan tó. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, àwọn ọmọ á yà á bí wọ́n ṣe rí i láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dìde, wọ́n á bẹjú wò ó láti òkè, wọ́n á tún un yà. Róbótó lásán ló kù. Ẹnì kan á pariwo pé, "Àǹtí, ara agolo ti sọnù!" Máàpù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti orí agolo, ó kan tábìlì, ó kan kíláàsì, ó kan ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ wọn ọgbà náà, tí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sì jẹ́ ojú kan nínú ìwé ìṣirò, wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ilẹ̀ ńlá di kékeré láìtíì gbọ́ orúkọ rẹ̀, ìyẹn scale.

Tó bá di Pírámárì kẹta sí ìkẹrin, ọ̀tún àti òsì kò tó mọ́, torí bí ọmọ bá yí, àwọn náà á yí. Ìlà-oòrùn kì í yí. Ní Yábàá, ọ̀nà ibi tí oòrùn ti ń yọ ni ọ̀sà wà, Afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990 sì nà lé e lórí. Afárá Carter ló so Ìdó mọ́ Ìdúmọ̀tà. Orúkọ àdúgbò pàápàá ń kọ́ni: ọmọ Èbúté Mẹ́ta tó bá mọ ohun tí èbúté jẹ́ á béèrè ibi tí omi wà.

Odò ló dára jù láti fi wọ Nàìjíríà ní ọdún karùn-ún. Odò Ògùn ń ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bọ̀, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì wọ ọ̀sà Èkó, ọ̀sà tí ọmọ náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti lọ sí Odò Ọya, àti Lọ́kọ́ja níbi tó ti pàdé Odò Bẹ́núé. Orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ ti wá ríbi jókòó sí.

Ọsàn ni ti Pírámárì kẹfà. Wọ́n á fi báírò ya Áfíríkà àti ìyókù sí èèpo rẹ̀, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i kí ọ̀sán àti òru lè hàn, wọ́n á wá bó o, wọ́n á gbìyànjú láti tẹ́ èèpo náà pẹrẹsẹ. Á ya ni. Kó má bàa ya, àwọn tó ń ṣe máàpù máa ń fa apá kan fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Greenland, erékùṣù ńlá ní àríwá ayé, fi dà bí ẹgbẹ́ Áfíríkà lórí àwọn máàpù ara ògiri kan, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà fi nǹkan bí ìlọ́po 14 tóbi jù ú lọ. Èèpo á wà lórí tábìlì fún àríyànjiyàn. Ọsàn náà, wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán kí agogo tó lù.