Bí ẹ̀rọ wáípà ṣe ń mú kí ère egungun juwọ́ nínú àgbàlá

Ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ tó ń yí wáípà ọkọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe: kó máa yí lójú kan. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń juwọ́ sí ènìyàn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń yíjú wo ẹni tó ń kọjá. Síbẹ̀ òun ni àwọn tó ń ṣe ère egungun tó ń mira máa ń wá kiri, pàápàá ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń gbé irú ère bẹ́ẹ̀ síwájú ilé ní ìparí oṣù kẹwàá. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìparí ọdún ló yẹ ẹ́ jù: ìgbà tí àwọn ọmọdé ń gbé Kaleta, eré ìbòjú wọn, kiri àdúgbò, tí òjò ti lọ, tí gbogbo ojú sì ń wá ìran wò. Ohun tó ń sọ yíyí lójú kan di jíjuwọ́ kò ju irin péńpé kan, ọ̀pá kan àti ihò mẹ́rin lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà wà. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni.

Ọgbọ́n kí ère máa mira kò ṣàjèjì lọ́dọ̀ wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gbilẹ̀ lágbègbè Kétu, tí UNESCO kéde ní 2001 tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ àjogúnbá aráyé ní 2008, ní àwọn ère tó ní oríkèé. Okùn gba ihò wọ abẹ́ aṣọ, ẹni tó ru ère á máa fà á níbẹ̀, ère á máa mira lókè orí rẹ̀. Ẹni tó bá wo irú ère bẹ́ẹ̀ dáadáa á rí òfin kan tó máa tún ṣẹ́ yọ nínú iṣẹ́ yìí: okùn a máa fa nǹkan, kì í tì í. Ohun tí okùn bá fà lọ, nǹkan mìíràn ló gbọ́dọ̀ dá a padà.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká là mọ́lẹ̀. Egungun tí à ń sọ níhìn-ín, ti ara ni, eegun inú ẹran. Kì í ṣe egúngún, ará ọ̀run. Lẹ́nu, ohùn ló yà wọ́n. Lójú, aṣọ ló yà wọ́n. Nítorí náà a kì í wọ aṣọ eégún, tàbí aṣọ tó jọ ọ́, fún ère yìí, a kì í sì í gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ojúbọ tàbí ojú ọ̀nà tí eégún àdúgbò ń gbà. Fìlà koríko àti ẹ̀wù àtijọ́ kan ti tó. Ó yẹ kí aládùúgbò gbọ́ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa jáde lóru kó pàdé orí funfun lẹ́bàá ògiri kó sì rò pé nǹkan mìíràn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Egungun gidi, ìbáà ṣe ti ènìyàn tàbí ti ẹranko, kò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí rárá.

Eegun inú ara àgbàlagbà jẹ́ 206, ṣùgbọ́n ère kò nílò ju bí ogójì lọ kí ojú tó gbà á. Itan ni a fi ń wọn ìyókù, torí ó máa ń tó bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga ènìyàn. Fún ère tó ga ní 170 cm, itan á jẹ́ 45 cm, ojúgun 37, apá láti èjìká dé ìgúnpá 32, láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ 25. Bí apá bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀bọ ni yóò jọ. Páìpù PVC 32 mm ló dára fún ẹsẹ̀, 25 mm fún apá òkè, 20 mm fún ìsàlẹ̀ apá. Kókó tó wà ní ìpẹ̀kun eegun, ìwé ìròyìn ni: a rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, a fi wé orí páìpù, a jẹ́ kó gbẹ. Egungun ìhà jẹ́ méjìlá-méjìlá lára ènìyàn, ṣùgbọ́n méje ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó fún ère. Ọparun tí a là wẹ́wẹ́ ló dára jù fún un: kó sùn nínú omi di ọjọ́ kejì, ká so ó yípo ara garawa, kó gbẹ síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tẹ páìpù, kó má fi í sínú ọwọ́ iná, torí PVC tó bá jó máa ń tú èéfín olóró. Iyanrìn gbígbóná tí a rọ sínú rẹ̀ ti tó. PVC ti ń rọ̀ kí omi tó hó.

Akèrègbè gbígbẹ tó fẹ̀ ní bí 15 cm ni agbárí. A gé ihò ojú àti ti imú, a lẹ ìwé mọ́ ọn ní ìpele mẹ́rin, ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ọ̀dà funfun tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà omi kọfí tó ki, tí a fi búrọ́ọ̀ṣì rà sínú gbogbo kòtò, ká sì fi àkísà nu orí òkè. Òpó irin kan ló ru gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó náà wà nínú garawa lítà 20 tí a fi kọnkéré kún. Ìyẹn wúwo tó bí kílò 45, atẹ́gùn kò lè bì í.

Ibi tí ìwúwo wà ṣe pàtàkì ju bó ṣe pọ̀ tó lọ. Ká ní apá kan pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 500 gíráàmù, tí ìwúwo náà sì kórajọ sí àárín, ní 30 cm sí èjìká. Lẹ́yìn èjìká, irin 10 cm kan wà tí ọ̀pá ń tì. Agbára kílò kan ààbọ̀ ni ọ̀pá yóò fi gbé apá yẹn dúró gbọọrọ. Ká wá fi àtùpà 500 gíráàmù sí i lọ́wọ́, ní 60 cm sí èjìká: kílò kan ààbọ̀ á di mẹ́rin ààbọ̀. Ìwúwo apá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ ẹ̀rọ di ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ìka ọwọ́ fi gbọ́dọ̀ jẹ́ wáyà tínrín àti ìwé, tí àtùpà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ agolo òfìfo tí iná LED kan wà nínú rẹ̀. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, tí a so láti ara òpó mọ́ irin èjìká, tún máa ń bá ẹ̀rọ gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà.

Irin péńpé tí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà, ẹsẹ̀ pẹ́dà ló yẹ ká máa pè é, torí iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe pẹ̀lú ti kẹ̀kẹ́: ìdí rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ, orí rẹ̀ ń yípo. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn ní 3 mm tó sì fẹ̀ ní 25 mm la fi ń ṣe é. A lu ihò sí i ní 3, 4, 5 àti 6 cm sí ìdí. Ọ̀pá bọ́ sí ọ̀kan nínú ihò yẹn, ó gòkè lọ bá irin èjìká. Ihò 4 cm á mú kí apá fì ní bíi 47 digírì. Ihò 6 cm á sọ ọ́ di bíi 74. Jíjuwọ́ jẹ́jẹ́ ni ti àkọ́kọ́, pípe ènìyàn wọlé ni ti ìkejì. Ẹsẹ̀ pẹ́dà gbọ́dọ̀ kúrú ju irin èjìká lọ nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá dọ́gba, ọ̀pá á fẹ́ fa apá kọjá ibi tó lè dé, gbogbo rẹ̀ á há, èyí tí kò lágbára tó nínú wọn ni yóò sì ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo oríkèé kan ṣoṣo ní tòsí, níbi tí ọ̀pá ti pàdé ẹsẹ̀ pẹ́dà. Bóòtù 6 mm gba inú irin, nọ́ọ̀tì kìíní sì fún un mọ́ irin pinpin. Wáṣà tẹ̀lé e, ọ̀pá tẹ̀lé wáṣà, wáṣà mìíràn, lẹ́yìn náà nọ́ọ̀tì méjì tí a fún mọ́ ara wọn, kì í ṣe mọ́ ọ̀pá. Àlàfo tó kù kò ju èyí tí bébà kan lè gbà kọjá lọ. Gíríìsì díẹ̀, ọ̀pá á máa yí lórí bóòtù láìṣe wọ́gbọ-wọ́gbọ. Bí ó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo la lò, tí a fún un dáadáa, oríkèé á há. Bí a kò bá fún un tó, ìyípo ẹ̀rọ á máa tú u díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jábọ́ sínú koríko lóru.

Irin tó ní òwú bí ti bóòtù ló ń yí àgbá eléyín nínú ẹ̀rọ wáípà, nítorí náà ọwọ́ kò lè yí i láti ìta. Ìyẹn dára, torí apá kì í já wálẹ̀ nígbà tí iná bá kú. Àmọ́ kò ní jẹ́ ká lè fi ọwọ́ dán oríkèé wò mọ́ tí ẹ̀rọ bá ti wọlé. Torí náà, bóòtù 8 mm lásán la máa ń kọ́kọ́ fi sí àyè ẹ̀rọ, ká so ẹsẹ̀ pẹ́dà mọ́ ọn, ká fi ìka kan yí i ní ogún ìgbà. Ìka á mọ ibi tó ti wúwo lójijì, ibẹ̀ sì ni ọ̀pá ti ń gbá nǹkan tàbí tí oríkèé ti fún jù. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí á máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Orí kò nílò ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọ̀pá igi kan tó ń yí nínú páìpù ọrùn ló ru ú. Okùn ọ̀rá tí àwọn apẹja ń lò lọ láti irin èjìká sí ẹ̀gbẹ́ kan agbárí, rọ́bà wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì láti dá a padà. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ náà bẹ́ẹ̀: awọ bàtà àtijọ́ ni oríkèé rẹ̀, okùn ń fà á ṣí, rọ́bà ń pa á dé. Kí okùn àgbọ̀n rọ̀ díẹ̀, kí ẹnu má là àfi ìgbà tí apá bá fẹ́ẹ́ dé òkè. Ìdádúró kékeré yẹn ló ń mú kó dà bíi pé ó kọ́kọ́ juwọ́ kó tó kí ènìyàn. Ìgúnpá, ní tirẹ̀, kò gbọdọ̀ ní okùn kankan: kí ìsàlẹ̀ apá máa fì fúnra rẹ̀ lórí bóòtù tó tú díẹ̀.

Ẹ̀rọ láti ara ọkọ̀ tí wọ́n ti tú palẹ̀ ti tó, àmọ́ kí wọ́n fi bátìrì alùpùpù 12 fólítì dán an wò kí wọ́n tó sanwó. Ó sábà máa ń ní ẹnu wáyà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ara irin rẹ̀ gan-an sì ni òdì nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Nítorí èyí, orí pákó la ń dè é mọ́, kí ó má fara kan òpó irin. Tí a bá fi wáyà rere kan ẹnu kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á yí bí ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, òmíràn á sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó lọ́ra là ń lò, síbẹ̀ ó ṣì yára jù: ère á máa juwọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ẹ̀rọ ìdínsáré PWM oní-10 áńpíà, èyí tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra kíákíá, á mú un wá sí 15 tàbí 20, ibẹ̀ ló sì ti máa ń dà bí alààyè.

Ẹnu wáyà kan wà tó jẹ́ pé òun ló ń mú wáípà padà sùn sísàlẹ̀ gíláàsì tí awakọ̀ bá ti pa á. Ẹ má ṣe gé e. Relay ni ohun kékeré tí iná díẹ̀ ń mú kó ṣí tàbí kó pa ọ̀nà iná ńlá. Tí a bá so ẹnu wáyà yìí mọ́ ẹnu relay tó máa ń wà ní pípadé nígbà tí relay bá ń sinmi, tí a sì so ẹnu rere ẹ̀rọ tí kì í ṣe ti ìyára kankan tààrà mọ́ iná, ẹ̀rọ á máa yí títí apá yóò fi sọ̀kalẹ̀ kó tó dúró. Láìsí i, ère á dúró níbi tó bá a: apá lókè, ẹnu ní líla, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Fíúùsì 10 áńpíà gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá ẹnu rere bátìrì. Bó bá jó, ó lè jẹ́ pé oríkèé ló há; kí wọ́n yẹ oríkèé wò kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n má sì fi wáyà lásán dípò rẹ̀. Iná ilé 220 fólítì kò ní iṣẹ́ nínú àgbàlá yìí. Bátìrì 7 Ah (èyí tó lè fúnni ní áńpíà kan fún wákàtí méje) kò yẹ kó lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ó má bàa bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń gba 2.5 áńpíà, ìdajì yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 84. Bí jíjuwọ́ kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 15, ère á kí ènìyàn ní ìgbà 336 kí wọ́n tó gbé bátìrì náà wọlé. Fún ojú, iná LED pupa méjì tí a so tẹ̀léra pẹ̀lú résísítọ̀ 470 ohm ti tó.

Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní HC-SR501 ló ń mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀. Ó ń rí ohun tó gbóná tó sì ń rìn, dé bíi mítà méje, ó sì nílò bí ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn títan kó tó máa ríran dáadáa. Ẹni tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá ló ń tètè rí ju ẹni tó ń bọ̀ tààrà lọ, nítorí náà kí ó dojú kọ ọ̀nà ní ìbú. Agbára tó ń jáde nínú rẹ̀ kéré, kò lè ṣí relay lásán; relay tó wà lórí pátákó kékeré tó ní tránsísítọ̀ ló lè ṣí. Àléébù tó wọ́pọ̀ jù ni pé ère kò ní dúró mọ́: apá dúró, ó tún gbéra, ó dúró, ó tún gbéra. Nígbà mìíràn apá tí oòrùn ti yá ni sẹ́ńsọ̀ ń rí. Páìpù kúkúrú tí a fi bò ó lójú á yanjú ìyẹn. Nígbà mìíràn ariwo iná láti inú ẹ̀rọ ló ń tàn án jẹ, dáyódù 1N5408 àti kàpásítọ̀ 100 nF ní ẹnu ẹ̀rọ ló máa ń pa á lẹ́nu mọ́. Ìlà tó wà lára dáyódù gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀gbẹ́ rere.

Bí wọ́n bá gbé e jáde ní oṣù kẹwàá, òjò ṣì lè dé. Ìgò ọ̀rá tí a gé nísàlẹ̀ ni kí wọ́n fi dé ẹ̀rọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní ṣíṣí kí omi má bàa kórajọ sínú rẹ̀, kí agbárí sì ti mu fáníìṣì. Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń lẹ̀ mọ́ gíríìsì títí yóò fi dà bí iyanrìn lójú oríkèé. Kí wọ́n máa nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì fi tuntun sí i. Lẹ́yìn ọdún, a tú rọ́bà kúrò lára rẹ̀ kí ó má bàa nà tán, a mú bátìrì wọlé, a sì ń gba iná sí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù.