Ìmọ̀ ìṣirò tí a fi ń kọ́ni: kí ni ó fi yàtọ̀ sí ìmọ̀ ìṣirò lásán?

A máa ń rò pé ẹni tó bá ti mọ ìṣirò ṣe, ó lè fi kọ́ ọmọ náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1986, Lee Shulman, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, sọ pé ìmọ̀ kan wà tó jẹ́ ti olùkọ́ gan-an: kí ó mọ ibi tí iṣẹ́ ti máa ń rú ọmọ lójú, àpẹẹrẹ tí yóò jẹ́ kó yé e, àti èrò tó wà lẹ́yìn àṣìṣe rẹ̀. Deborah Ball àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ìṣirò.

Ẹ wo iṣẹ́ yìí: 1¾ ÷ ½. Liping Ma, olùwádìí kan nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò, fi í síwájú olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 23 ní Amẹ́ríkà àti 72 ní Ṣáínà, ìwádìí rẹ̀ sì jáde ní 1999. Gbogbo àwọn ará Ṣáínà ló gbà á. Nínú àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbìyànjú rẹ̀, àwọn tó gbà á kò tó ìdajì. Ó tún ní kí wọ́n sọ ìtàn kan tó bá iṣẹ́ náà mu. Ẹyọ ẹnì kan ló rí i sọ nínú àwọn 23 náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn pín nǹkan fún ènìyàn méjì, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

Ká ní gàrí kóńgò kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wà nílẹ̀, tí a fẹ́ dì í sínú ọ̀rá, ìdajì kóńgò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá mẹ́ta á kún, ẹ̀kẹrin á dé ìdajì: 3½. Ọmọ tó bá fojú rí èyí kò ní máa ṣe kàyéfì pé a pín nǹkan, ìdáhùn tún wá ju ohun tí a pín lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn méjì bá pín gàrí yẹn, ⅞ kóńgò ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. “Dorí ìdá kejì kodò, kí o wá sọ ọ́ di púpọ̀” ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ wa. Òfin náà tọ̀nà, àmọ́ kò fi ìyàtọ̀ yìí han ẹnikẹ́ni.

Ìwé kíkà kọ́ ló fa ìyàtọ̀ tó wà láàárín olùkọ́ Ṣáínà àti ti Amẹ́ríkà o. Ọdún 11 sí 12 ni àwọn ará Ṣáínà yẹn lò nílé ìwé, ti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà lo ọdún 16 sí 18.

Ìgbàgbọ́ olùkọ́ nípa ohun tí ìṣirò jẹ́ tún ńkọ́? Dan Lortie, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ ní 1975 pé kí ọmọ Amẹ́ríkà tó parí girama, yóò ti lo nǹkan bíi wákàtí 13,000 lọ́dọ̀ olùkọ́. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ ti ń mọ ohun tó ń pè ní ìṣirò, kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì rárá. Paul Ernest, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín irú èrò bẹ́ẹ̀ sí mẹ́ta ní 1989: àwọn kan gbà pé àkójọ òfin tí a ń há sórí ni ìṣirò, àwọn kan pé òtítọ́ tí kì í yí padà ni, àwọn yòókù pé iṣẹ́ ìrònú tí ènìyàn ṣì ń ṣe lọ ni. Èyí àkọ́kọ́ ló ń kọ mí lóminú jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ NCE (ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Nàìjíríà) bá gbà pé òfin lásán ni, kò ní wá ìtàn gàrí kankan kiri tó bá lọ fún TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, nítorí kò rí ohun tí yóò fi ṣe. Bí kò bá sì mọ ìtàn náà, kò sí bí yóò ṣe gbà pé ìṣirò ju òfin lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì máa tún ọ̀kan ṣe nínú ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́ kó fi èkejì sílẹ̀.

Ìbéèrè kan tó lè fi ìmọ̀ yìí hàn nìyí: ọmọ kan kọ ½ + ⅓ = 2/5. Ẹni tó kàn mọ ìṣirò yóò fagi lé e. Olùkọ́ tó ní ìmọ̀ tí à ń wí yìí yóò rí i pé ọmọ náà ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, yóò sì bi í pé: nínú 2/5 àti ½ tí o fi bẹ̀rẹ̀, èwo ló pọ̀ jù?